Bàtà ìrù fún bàálù àfọwọ́ṣe: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín to bàálù kékeré, pàápàá ẹ̀yin tí táyà kan wà níwájú bàálù yín tí méjì wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lo bàtà ìrù kan, ìyẹn rọ́bà líle tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ìrù kí ìrù má bàa ha ilẹ̀. Mo ti rí i nígbà tí kò sí wàhálà, mo sì ti rí i lọ́jọ́ tí ìrù já lulẹ̀ gbàà. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ó dáa, màá tún rà á, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ń tà á ń sọ. Òun ń sọ pé ó lágbára, pé kò sí ohun tó lè ṣe é. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ó máa ń bàjẹ́ kí bàálù tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìrù ṣe ń dé ilẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí páìlọ́ọ̀tì bá fa ọ̀pá ìdarí jù nìkan ni, yálà ó ń gbéra ni o, tàbí ó ń balẹ̀. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo mọ̀, orí ìdúró ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ wò ó, táyà ńlá méjèèjì wà lẹ́yìn ibi tí ìwúwo bàálù ti dọ́gba, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi wà lẹ́yìn ẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti kó ìwúwo lọ sẹ́yìn táyà yẹn jù, imú á gbéra, ìrù á lọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lè dá a dúró. Nínú bàálù oníjókòó mẹ́rin, ẹni méjì tó kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn nígbà tí iwájú ṣófo lè fà á. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì láti tún un ṣe, ẹ ò gbé nǹkan kan sábẹ́ ìrù, ó ti dé nìyẹn. Yìnyín tó kó jọ sórí ìrù lóru lè fà á. Ẹni tó fẹ́ yí bàálù padà tó wá tẹ ìrù mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, òun náà lè fà á, yàtọ̀ sí pé pánù stabilizer, ìyẹn apá kékeré tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, gan-an ò fẹ́ kéèyàn máa tẹ òun níbi tí kò sí egungun kankan lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa tẹ nǹkan, ibi tí férémù, ìyẹn egungun inú, wà lára ara bàálù ni kẹ́ ẹ tẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa táyà iwájú, ìyẹn ló dáa jù.

Nígbà tí ìrù bá wá dé ilẹ̀, kí ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ bàálù onípánù, òrùka irin tí wọ́n fi ń so bàálù mọ́lẹ̀ ni, ó wà lábẹ́ ìrù níbẹ̀, wọ́n síkúrù ẹ̀ wọ inú nǹkan kan tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ pa lójú méjèèjì, kàn mọ́ férémù tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn òrùka yẹn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rudder, ìyẹn pátákó òòró ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n sábà máa ń fi fáíbà ṣe, tí iná funfun ẹ̀yìn sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òrùka yẹn ti tó, pé irin ni, kí ló tún kù.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn nìyẹn o. Òrùka yẹn kì í tẹ̀, kì í sì í ṣẹ́. Tó bá gbá kọ̀ńkéré, gbogbo agbára ìgbá yẹn gba ara síkúrù gòkè lọ tààrà sínú férémù, férémù yẹn sì jẹ́ pánù alumíníọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ìgbà kì í nípọn tó mìlímítà kan. Irin ò ní ṣe nǹkan kan, pánù ló máa gbà á. Ohun tó wá burú jù ni pé ẹ ò ní rí i láti ìta. Ẹ máa wo òrùka, ẹ máa rí i pé ó kàn fá díẹ̀ ni, ẹ máa nù ún, ẹ máa fò lọ, férémù inú sì ti ká, tàbí kẹ̀, ihò rífẹ́ẹ̀tì ti gùn díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwọn bàálù ńlá ti fi èyí kọ́ gbogbo ayé lọ́gbọ́n, owó ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì pọ̀ jọjọ. JAL 123, bàálù ilé iṣẹ́ Japan Airlines, Boeing 747 ni, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni ìrù ẹ̀ ha ilẹ̀ ní Osaka. Wọ́n tún un ṣe, àtúnṣe yẹn ò bá ìlànà mu, bàálù yẹn sì ń gbé èèyàn káàkiri títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ọjọ́ yẹn ni ògiri ẹ̀yìn tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́nú ya, èèyàn 520 ló kú. China Airlines 611 náà, ọdún 1980 ni ìrù ẹ̀ ha ilẹ̀ ní Hong Kong, ọdún 2002 ló tó fọ́ sáfẹ́fẹ́, ogún ọdún ó lé méjì lẹ́yìn ẹ̀, èèyàn 225. Mo mọ̀ pé bàálù tiwa kì í sé afẹ́fẹ́ mọ́nú bíi tiwọn, ìrù wa ò ní ya lọ́nà kan náà, ẹ má bẹ̀rù kọjá bó ṣe yẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrù tó ti gbá ilẹ̀ kì í sọ gbogbo ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà.

Ohun tí wọ́n wá ṣe sí Boeing 737-800 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun ló jẹ́ kí n lóye bàtà tí mo rà yìí. Wọ́n fi skid kan, ìyẹn ẹsẹ̀ kékeré tó ń kan ilẹ̀ dípò ìrù, sábẹ́ ìrù ẹ̀, inú skid yẹn ni wọ́n ti fi nǹkan kan sí tó máa ń rún wọnú ara ẹ̀ tí ìrù bá gbá ilẹ̀, wọ́n tún lẹ àmì aláwọ̀ ewé àti pupa mọ́ ọn, kí ẹni tó ń yẹ bàálù wò lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ti rún dé ibi tó fi yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí fíúsì ń ṣe nínú iná ni. Kò sẹ́ni tó máa ní kí fíúsì òun má jó láéláé.

Ó yá, bàtà yìí gan-an. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú páálí: ọ̀pá irin kan tó wọ ihò òrùka tẹ́lẹ̀, tó sì ní òrùka tiẹ̀ lára, pánù alumíníọ̀mù kékeré kan tó nípọn, rọ́bà rírọ̀ kan tó máa wà láàárín pánù yẹn àti abẹ́ ìrù, àti bàtà fúnra ẹ̀. UHMW polyethylene ni wọ́n fi gé bàtà náà, rọ́bà líle kan tó ń yọ̀ gan-an, tí kì í sì í tètè jẹ, ẹ máa rí i nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀ ní ilé iṣẹ́. Ó fúyẹ́, omi tiẹ̀ wúwo jù ú lọ díẹ̀. Wọ́n gé iwájú ẹ̀ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sókè, nítorí náà tó bá kan ilẹ̀ tí bàálù ń lọ síwájú, ńṣe ló máa yọ̀ lọ, kò ní gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fò láti orí koríko, ibí yìí nìkan tó ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á, torí òrùka máa ń gún ilẹ̀ rírọ̀ ni, bàtà fífẹ̀ yìí á gorí ẹ̀ kọjá.

Síkúrù kékeré méjì péré ló di bàtà yẹn mú mọ́ pánù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo ní kí ló dé tí wọ́n fi síkúrù tín-ín-rín báyìí sí i, àṣé ìdí nìyẹn gan-an: tí bàtà bá kọ́ etí nǹkan, síkúrù yẹn á gé, bàtà á bọ́, ìrù á sì wà ní àlàáfíà. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé òrùka tí wọ́n fi ń so bàálù mọ́lẹ̀ ò sí lára bàtà rárá, ara ọ̀pá irin ló wà, okùn yín ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú síkúrù tó ń gé yẹn. Ẹni tó ronú dé ibẹ̀ ti so bàálù mọ́lẹ̀ nínú ìjì rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín kẹ́ ẹ lọ fi síkúrù tó nípọn jù rọ́pò rẹ̀ o, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Dídè é ò le, sípánà kan àti ọ̀kan tó ń wọn bí wọ́n ṣe ń fún bóòtù pinpin ti tó. Ìwọ̀n ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe, ibẹ̀ sì ni ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti já mi kulẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rárá. Bàtà yìí ń jẹ nínú àyè tí ìrù yín ní. Ẹ gbé bàálù sí ibi tó tẹ́jú, ẹ fa okùn láti ibi tí táyà ńlá ti kan ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bàtà, igun tó wà láàárín okùn yẹn àti ilẹ̀ ló máa sọ bí imú ṣe lè gbéra tó kí ìrù tó kan ilẹ̀. Ká sọ pé ibi tó wálẹ̀ jù lábẹ́ ìrù wà ní sẹ̀ńtímítà 60 sókè, ó sì jìnnà sí táyà ní mítà 3.4 sẹ́yìn, dígírì 10 nìyẹn. Ẹ wá fi bàtà tó ga ní sẹ̀ńtímítà 5 sí i, ó ti di 9 àti díẹ̀. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí bàálù yín bá jẹ́ èyí tó máa ń gbé imú sókè gan-an kó tó balẹ̀, ẹ ti sọ ìbalẹ̀ tó yẹ kó dáa di èyí tí ìrù ń kan ilẹ̀, bàtà tẹ́ ẹ rà láti dáàbò bo ìrù ló wá ń fà á. Wọ́n ní gíga méjì tí wọ́n ń tà. Èyí tó kúrú ni kẹ́ ẹ rà tó bá ṣáà ti kọjá ìsàlẹ̀ fáíbà rudder. Ẹ fi igi tó tọ́ láti táyà kọjá abẹ́ bàtà lọ sẹ́yìn, igi yẹn ò gbọ́dọ̀ kan rudder, kẹ́ ẹ sì yí rudder sọ́tùn-ún sósì nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Ẹ máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ torí rọ́bà rírọ̀ yẹn máa fún pọ̀ tó bá gbá nǹkan.

Ìwúwo náà ńkọ́? Èyí tí mo wọ̀n sún mọ́ ìlàjì kílò pẹ̀lú ọ̀pá irin ẹ̀. Ìlàjì kílò níwájú ò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní ìdí ìrù ó já mọ́ nǹkan: tí bàálù bá jẹ́ kílò 500, tí ìrù sì jìnnà sí ibi ìdọ́gba ní mítà 4, ibi ìdọ́gba yẹn á sún sẹ́yìn ní bíi mìlímítà 4. Tẹ́ ẹ bá ti wà nítòsí ààlà ẹ̀yìn tí ibi ìdọ́gba ò gbọ́dọ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bàálù, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú di.

Ọjọ́ tí ó wá ṣiṣẹ́ gan-an. Èèyàn kan ń bá mi gbé bàálù wọ háńgà, ó tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kó lè yí i, imú gòkè kọjá ibi tó rò, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀, ìrù já lulẹ̀. Kò tán síbẹ̀, torí bàálù ṣì ń yí lọ, bàtà fi ẹ̀gbẹ́ kọ́ irin ilẹ̀kùn háńgà, èyí tí ilẹ̀kùn ń yọ̀ lórí ẹ̀. Mo gbọ́ kàù, mo rò pé férémù ni. Mo wọ abẹ́ ìrù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Síkúrù kan ti gé bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, èkejì ṣì di bàtà mú, bàtà ti yí wọ́ọ́rọ́ kúrò lára irin ilẹ̀kùn. Ìlà ọ̀dà pupa tí mo fà láti ara ọ̀pá irin dé ara ìrù lọ́jọ́ tí mo dè é, ìlà yẹn ṣì tọ́, kò sún. Mo ṣí pánù ìyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ìrù, mo tan iná sínú, mo wo rífẹ́ẹ̀tì tó yí férémù ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá màá rí èérí dúdú yẹn tó máa ń jáde lẹ́bàá rífẹ́ẹ̀tì tó bá ti ń mì, bóyá pánù ti wú tàbí ó ti ká. Kò sí nǹkan kan. Elevator, ìyẹn pátákó ìrù tó ń gbé imú sókè sílẹ̀, ń lọ sókè sódò láì kọ́ ibì kankan, rudder náà bẹ́ẹ̀. Kò tí ì sí nǹkan kan nínú àwọn àyẹ̀wò tí mo ń ṣe látìgbà yẹn náà, mo sì ń wò ó lójúméjèèjì. Ká ní òrùka irin lásán ló kọ́ irin ilẹ̀kùn yẹn, mi ò mọ ohun tí ì bá gé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òrùka.

Tí bàálù yín bá jẹ́ fáíbà, ẹ má fi ojú nìkan wò ó lẹ́yìn irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú owó ẹyọ, ẹ máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀ káàkiri ibẹ̀, ibi tó bá dún kú láàárín àwọn tó ń dún ketekete, ẹ fura sí i, inú lè ti ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àléébù ẹ̀ wà o, mi ò ní fi pamọ́. Àkọ́kọ́, orí síkúrù méjèèjì yẹn ò jìn tó nínú bàtà. Bàtà máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tó bá jẹ dé ibì kan, orí síkúrù ni yóò máa ha kọ̀ńkéré, ṣe ẹ mọ̀ pé irin tó ń ha ilẹ̀ ń ta iná. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ó fèsì kíá, ó ní òun máa jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, ó sì dúpẹ́. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n tí tiyín bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ẹ sàmì síbi tẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ ẹ̀ kí síkúrù tó yọjú.

Èkejì, ihò síkúrù ṣe rẹ́gí jù. UHMW máa ń fẹ̀ nínú ooru ju alumíníọ̀mù lọ fíìfíì, bàtà tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 15 lè gùn sí i ní bíi mìlímítà kan láàárín òtútù òwúrọ̀ àti oòrùn ọ̀sán lórí kọ̀ńkéré, tí ihò ò bá sì fún un láyè, síkúrù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń jìyà lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó gbá nǹkan kan. Mo fi fáìlì fa ihò ẹ̀yìn gùn díẹ̀, mo fi wásà sí i, ó parí. Ẹ má ronú pé ẹ máa fi gọ́ọ̀mù dè é o, gọ́ọ̀mù kì í mú UHMW, ọ̀dà pàápàá kì í dúró lára ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, yanrìn máa ń há sáàárín rọ́bà rírọ̀ àti abẹ́ ìrù, á sì máa fá ọ̀dà. Téèpù tó mọ́lẹ̀ gaara lábẹ́ ẹ̀ ti tó, kẹ́ ẹ sì máa fọ ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wúlò fún. Ẹ̀yin tí táyà kékeré wà lábẹ́ ìrù bàálù yín dípò níwájú, ìrù yín ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìṣòro tiyín ni sípíríǹgì àti bóòtù tó mú táyà kékeré yẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú Long-EZ tí Burt Rutan yàwòrán ẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí imú kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀, torí bàálù yín máa ń ṣubú sẹ́yìn tí ìjókòó bá ṣófo. Bàtà ò ní gbà yín níbẹ̀.

Bàtà yìí ò sì rọ́pò òpó tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìrù tí ẹ́ńjìnnì bá kúrò níwájú. Mo rí ẹni tó gbára lé bàtà fún ìyẹn, tó jẹ́ kí ìrù jókòó lórí ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Òpó ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kó gbé ìrù dáadáa. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó ẹrù tàbí bu epo sí bàálù ni, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òpó àti ìrù, torí bàálù máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí táyà àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ìwúwo bá wọlé, òpó tó há gádígádí á wá máa ti férémù lọ sókè. Afẹ́fẹ́ náà, ohun tó ń ba rudder jẹ́ jù lórí ìdúró ni kó máa gbá ibi ìdádúró ẹ̀ lọ gbá a bọ̀ ní gbogbo òru, kò sí bàtà kankan tó kan ìyẹn, ẹ ti rudder àti elevator pa kẹ́ ẹ tó lọ sílé.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, aláwọ̀ dúdú ni kẹ́ ẹ bèèrè fún, má gba funfun, oòrùn máa ń tètè ba funfun jẹ́, á gbẹ, á sì máa ya. Ẹ ra bàtà kan sí i àti síkúrù mélòó kan pa mọ́ sínú bàálù, irú kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tó bá a wá, torí síkúrù tẹ́ ẹ bá rí nínú àpótí ẹlòmíì ní pápákọ̀ lọ́jọ́ tí tiyín bá gé máa le jù ú lọ ni.